Ta Ló Kó Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọ Boni?

Ẹ̀rọ yìnyín náà ṣì ń kùn. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí Falilatou nínú. Wọ́n ti jà á lólè, ó tún wá ń kùn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Òtútù fẹ́ sí i lójú. Pẹpẹ òkè àti ti àárín ṣófo porogodo. Ìsàlẹ̀ nìkan ni àwọn àpótí funfun kan kù sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdámú, ẹ má ṣí i pẹ́ jù," ni ọmọbìnrin tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wí.

"Kí ló tún kù níbẹ̀ tó fẹ́ bàjẹ́?"

"Ti Romaric ẹlẹgbẹ́ mi ni ti ìsàlẹ̀ yẹn."

Chimène lorúkọ ọmọbìnrin náà. Òun ló ní ohun tí wọ́n kó lọ: ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé abúlé Boni, Sakin àti Adido, tí wọ́n rọ sínú ìgò tín-ín-tìn-ìn-tín, tí wọ́n tò sínú àpótí. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ibà fi ń di gìrì lára ọmọ kan, tí ọmọ kejì nínú ilé kan náà yóò kàn gbóná díẹ̀ tí yóò sì bọ́ síta lọ ṣeré. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yìí ló dé, tó ṣí ẹ̀rọ, tó sì figbe ta.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Falilatou ní kọmisáríà ọlọ́pàá Ṣábẹ̀ẹ́. Obìnrin tí kì í lè jókòó ni. Bí wọ́n bá gbé àga fún un, ẹ̀yìn àga náà ni yóò dì mú, tí yóò máa fì í síwá sẹ́yìn títí orí ẹni tó gbé e fún un yóò fi gbóná. Ó yí inú lábò, yàrá ìwádìí ilé ìwòsàn náà, po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Kò rí fèrèsé tó fọ́. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àgádágodo ẹ̀rọ yìnyín wà lórí fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, wọn kò já a.

Omi díẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà. Falilatou bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án. Èèpo ìrẹsì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

Gbogbo ará Ṣábẹ̀ẹ́ ló mọ ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé yìnyín rìn lójú oòrùn, inú àpò tó kún fún èèpo ìrẹsì ló máa ń dì í sí, kó má baà tètè yọ́.

"Olè tó mú yìnyín dání wá," ni Falilatou sọ fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn nínú rárá.

Bàbá Moussa tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ta ló wọlé síbí lánàá?"

"Àjèjì kankan ò wọlé, ọ̀gá. Àwọn tó wá wo aláìsàn wọn nìkan ni."

"Mọ́tò ńkọ́? Alùpùpù?"

"Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti ti géètì ńlá. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló wà ní ṣíṣí."

"Ẹ ò kúrò níbẹ̀ rárá?"

"Àfi ìgbà tí mo ń kírun, ọ̀gá. Iwájú géètì náà ni mo sì tẹ́ ẹní mi sí."

Falilatou dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ Chimène, ó nà án lọ́wọ́, ó fà á dìde.

"Má jókòó sílẹ̀ mọ́. Bá mi rìn, kí o ṣàlàyé. Ṣé dókítà ni ọ́ àbí o kì í ṣe dókítà?"

Chimène rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Mo ti dé àárín ọ̀nà, màdámú. Ẹ̀kọ́ méjì ni ètò tí mo wà yìí so pọ̀. A kọ́kọ́ jókòó ní fakúlítè, ilé ìwé gíga ìṣègùn, a kọ́ bí ara ṣe rí, a kọ́ àrùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ àwa díẹ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní ká lọ ṣe ìwádìí fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹni kọ̀ọ̀kan á mú ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn, á wá ìdáhùn rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní tèèsì, á sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa dá wa padà sí wọ́ọ̀dù ká lọ parí ìṣègùn. Tá a bá jáde, oyè dókítà méjì la máa ní. Ọ̀kan fún ìtọ́jú aláìsàn, ọ̀kan fún ìwádìí."

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí wọn ò yọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti di dókítà. Ọ̀kan wà nílé ìwòsàn yìí gan-an tó ń kọ oògùn fún èèyàn. Tó bá kọjá lára mi, á ní, 'Ẹ̀yin ẹlẹ́fọn, ẹ kú iṣẹ́ o.'"

"Tí ẹ̀jẹ̀ yìí ò bá wá di rírí ńkọ́?"

Chimène dúró. "Ọjọ́bọ̀ lọkọ̀ máa gbé e lọ sí Kútọnu. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó máa yẹ inú ẹ̀jẹ̀ náà wò, ó sì pẹ́ tá a ti ń dúró de àyè lórí rẹ̀. Tí mo bá pàdánù àyè yìí, mi ò ní ní èsì. Tí mi ò bá ní èsì, kò sí tèèsì. Tí kò bá sì sí tèèsì, fakúlítè ò ní gbà mí padà sí wọ́ọ̀dù. Títí di ìwọlé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n fi àyè mi sílẹ̀ dè mí, wọn ò ní sún un síwájú mọ́. Mi ò ní jẹ́ dókítà ti aláìsàn, mi ò sì ní jẹ́ ti ìwádìí."

Àánú ṣe Falilatou. Kò fẹ́ràn kí àánú máa ṣe òun lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ó gbó mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi, Parfait tó ń ṣiṣẹ́ lábò, àti ọ̀gá wa. Ti Parfait ni Romaric máa ń yá. Ọ̀gá ti wà ní Kútọnu láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tèmi wà lórí ìṣó nílé lánàá, torí Adido ni mo wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibẹ̀ náà ni mo ti lọ mú un láàárọ̀ yìí."

"Ọ̀dọ̀ ta lò ń gbé?"

"Ọ̀dọ̀ Màmá Agnès. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ mi dàgbà."

Romaric ni Falilatou kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: inú ètò kan náà ni òun àti Chimène wà, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, òun ló sì máa gba àyè orí ẹ̀rọ Kútọnu bí Chimène bá pàdánù rẹ̀. Wọ́n tún ti jà ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo lábò ló gbọ́.

"Kí lẹ jà lé lórí?"

"Pẹpẹ, màdámú. Ó ti gba pẹpẹ méjì lọ́wọ́, ó tún ní kí n kó àwọn àpótí tèmi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bú u. Mo ti tọrọ àforíjì."

"Àyè Kútọnu di tìrẹ báyìí."

Ojú Romaric pọ́n. "Ẹ wò ó. Bí mo bá fẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́, màá kọ́kọ́ kó tèmi kúrò, màá wá yọ wáyà. Tí oòrùn bá fi máa wọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti rà, wọ́n á sì ní iná ìjọba ló ṣe é. Kí ni màá tún kó àpótí tiẹ̀ lọ fún? Wọ́n kó tèmi kan mọ́ ọn pẹ̀lú!"

Falilatou dẹ́kun rírìn. "Tìrẹ kan?"

"Ó wà láàárín tiẹ̀ lórí pẹpẹ kejì. Mo fi tàdáwà pupa kọ ROMARIC sí i lára, ó tóbi tó báyìí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n. "Ẹni tí ò rí ìyẹn, kí ló rí?"

"Bóyá o kó tìrẹ kan mọ́ ọn kí o lè sọ ohun tí ò ń sọ yẹn."

Falilatou fi í sílẹ̀ nínú òógùn rẹ̀.

Ti Parfait kò pẹ́. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ máa ń le ni, inú sì ń bí i sí Chimène lóòótọ́. "Mo bá a gún àwọn ọmọ yẹn lábẹ́rẹ́, mo bá a tò ó. Nígbà tó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, kò dárúkọ mi. Ṣé inú mi ò ní bàjẹ́ ni?"

"Ìyẹn tó nǹkan téèyàn ń torí ẹ̀ jalè."

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, màdámú? Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ni mò ń jó èyí tí kò wúlò mọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀, inú iná ni gbogbo wọn ń lọ. Glazoué ni mo wà lánàá, níbi ìsìnkú àna mi. Ẹ lọ bi àlùfáà."

Ó bi àlùfáà lórí fóònù. Òótọ́ ni.

Bí ọ̀sán ṣe pọ́n, Falilatou gun alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zémíjàn lọ sílé Màmá Agnès lábẹ́ àwọn òkè ńlá Ṣábẹ̀ẹ́, láti lọ wo ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà lánàá. Kò sẹ́ni tí kò mọ Màmá Agnès. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Mẹtirẹ́ẹ̀sì ni tọmọdé tàgbà ṣì ń pè é. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń ta dèguè tútù, ìyẹn wàrà kíkan tí wọ́n po mọ́ ọkà, tó ń ru ú lọ sọ́jà àti ilé ìwòsàn.

"Wọlé, ọmọ mi, wọlé. Ilé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, Màmá. Ẹ kú ilé."

Màmá Agnès bu omi fún àlejò. Ó ti ìka bọ etí ife bó ṣe ń bu ú, síbẹ̀ omi náà kún, ó ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tó máa gbé e kalẹ̀, etí àpótí ìjókòó ló gbé e lé, ife náà ṣubú. Falilatou bá a mú un nílẹ̀. Ó rò pé ara arúgbó tí ọlọ́pàá já wọlé bá ló ń gbọ̀n.

"Màmá, wọ́n jalè ní lábò Chimène."

"Mo gbọ́. Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ń sunkún."

Màmá Agnès fi etí ìró nu omi kúrò lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n á wá dá a padà sí ilé ìwé ìṣègùn báyìí?"

"Èmi ò mọ̀ nípa ìyẹn, Màmá. Kọ́kọ́rọ́ lánàá ńkọ́?"

"Orí ìṣó ló máa ń wà."

"Ta ló tún ń wọlé yín?"

"Landry, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ta ló tún kù?"

Landry! Ara Falilatou yá gágá. Landry yìí ló ń fi mọ́tò gbé ẹja dídì láti Kútọnu wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Èèpo ìrẹsì kún inú mọ́tò rẹ̀ dé ìdajì, yìnyín sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Falilatou bá a ní ìdíkọ̀, ó ní kó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò.

"Kí lẹ ń wá?"

"Ṣí i ná."

Ẹja ló wà níbẹ̀, yìnyín, àti èèpo ìrẹsì. Falilatou ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgùnpá. Ó tu gbogbo rẹ̀ títí aṣọ rẹ̀ fi ń rùn. Kò rí ìgò kan.

"Mo gbọ́ pé ó ti sú ọ láti máa dúró de Chimène," ló wí.

"Ó sú mi!" ni Landry pariwo. Àwọn èèyàn bojú wẹ̀yìn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ó sú mi lóòótọ́. Nígbà tí mo tọrọ rẹ̀, wọ́n ní ó kù díẹ̀ kó parí. Ọdún wá ń gorí ọdún. Tó bá parí tèèsì, á tún padà sí wọ́ọ̀dù. Tó bá parí wọ́ọ̀dù, wọ́n tún lè ní kó lọ mọ ẹ̀yà ara kan dunjú. Ìyá mi ní kí n wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n màdámú, ta lẹ rò pé ó ń fi mọ́tò yìí gbé e lọ sí Sakin lọ gba ẹ̀jẹ̀ tí òjò bá bo ọ̀nà? Ṣé èmi náà ni màá tún jí i?"

Falilatou rántí géètì ńlá tí wọ́n tì. Mọ́tò Landry kò lè wọlé. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ wọlé, Bàbá Moussa kò mọ̀ ọ́n, àjèjì ni yóò pè é.

Kò wá mọ ibi tó kù láti wò. Ó padà sí kọmisáríà, ó jókòó, ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ọ̀rọ̀ Romaric ń ta á lọ́kàn. Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́, wáyà ni yóò yọ. Ẹni yìí kò yọ wáyà. Ó mú yìnyín dání wá, ó ṣètò kí ẹ̀jẹ̀ náà má baà bàjẹ́. Olè wo ló ń ṣìkẹ́ ohun tó jí báyìí? Bí ìjókòó ti ṣe sú u, ó wá zémíjàn, ó ní kó gbé òun lọ sí Boni, kí òun rí àwọn tó ni ẹ̀jẹ̀ gan-an.

Ní Boni, obìnrin kan tó ń jẹ́ Reine ń yọ èèpo kúrò lára gbágùúdá níwájú ilé. Ọmọ rẹ̀ Ìtùnú, tí gìrì ti mú rí, ń sáré lé adìyẹ kiri àgbàlá. Bí Falilatou ṣe ní wọ́n jí ẹ̀jẹ̀, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Reine.

"Ti Ìtùnú wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ fọkàn balẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wà lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀!" Ó ṣán ọwọ́ mọ́ itan. "Àwa ò fẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà wá, wọ́n ṣàlàyé títí, a kọ̀. Mẹtirẹ́ẹ̀sì Agnès ló wá bá wa jókòó. Ó kọ́ èmi náà níwèé, mo mọ̀ ọ́n. Ó di ọmú rẹ̀ mú níwájú gbogbo wa, ó búra pé ẹ̀kán kan ò ní dà sílẹ̀, iná kan ò ní jó o. Ó ní tí iṣẹ́ bá parí, òun fúnra òun á mú un padà wá fún wa. Òun la fún, kì í ṣe dókítà."

Falilatou ń wo Ìtùnú tó ti mú adìyẹ náà.

"Ẹ ń gbọ́ mi ṣá?" ni Reine wí.

"Mo gbọ́ yín dáadáa. Ẹ ṣeun. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀ náà kò dà sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, eruku ń wọ̀ ọ́ lójú, kò bìkítà. Lọ́dọ̀ Parfait, ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń jó ní ọjọ́ Ẹtì. Lọ́dọ̀ Romaric, ohun tó lè rà ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti fi ọmú búra lé e lórí. Ẹni yẹn kò lè yọ wáyà, kò lè dà á nù. Bí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó gbé e pamọ́ sínú òtútù.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe jáde? Yìnyín àti àpótí wúwo. Kò sí mọ́tò, kò sí alùpùpù. Orí ni wọ́n fi rù ú. Kò sì sí obìnrin tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé ka orí ara rẹ̀. Ẹnì kan ní láti bá a gbé e rù.

Bàbá Moussa ń ṣe àlùwàlá nígbà tó dé. Falilatou dúró dè é, ó sì jẹ́ ìyà fún un láti dúró.

"Bàbá, mo bi yín ní ìbéèrè tí kò tọ́ láàárọ̀. Ta lẹ bá gbé ẹrù rù lánàá?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Mẹtirẹ́ẹ̀sì Agnès ni. Ó wá ta dèguè. Ìgbà tó ń jáde, ẹrù rẹ̀ wúwo ju ìgbà tó ń wọlé lọ, mo tiẹ̀ bá a ṣàwàdà pé àwọn aláìsàn ò ra nǹkan lónìí."

"Ẹ sọ fún mi pé àjèjì kankan ò wọlé!"

"Háà, ọ̀gá! Ṣé àjèjì wá ni Mẹtirẹ́ẹ̀sì?"

Falilatou fẹ́ bínú, kò rí ẹni tó máa bínú sí, àfi ara rẹ̀. Ó ní kí Chimène tẹ̀ lé òun. Kò sọ ìdí fún un lójú ọ̀nà.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Màmá Agnès. Ó jókòó níwájú ilé, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Màmá," ni Falilatou wí, "níbo lẹ gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà sí?"

Chimène kọjú sí i. "Màdámú, kí lẹ ń sọ?"

"Lánàá, nígbà tí o wà ní Adido, Màmá ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ lórí ìṣó. Wọ́n di yìnyín sínú èèpo ìrẹsì, wọ́n gbé e sísàlẹ̀ agbada dèguè, wọ́n sì gba iwájú Bàbá Moussa kọjá. Wọ́n kó àpótí rẹ sínú agbada, wọ́n fi aṣọ bò ó. Bàbá Moussa ló bá wọn gbé e rù. Nígbà tí mo wá síbí lọ́sàn-án, mo ní wọ́n jalè. Màmá ò bi mí léèrè ohun tí wọ́n jí. Bóyá o ti jẹun àti bóyá wọ́n á dá ọ padà sí ilé ìwé ìṣègùn nìkan ni wọ́n béèrè."

Chimène wo Màmá Agnès. Ó ń dúró kó ní irọ́ ni.

"Inú ẹ̀rọ yìnyín tí mo ń kó dèguè sí ló wà," ni Màmá Agnès wí.

Chimène sáré wọlé. Iná ti lọ ládùúgbò náà láti àárọ̀, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tú àpò, bó ṣe ń gbọn èèpo ìrẹsì nù. Falilatou dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Chimène jáde, ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n fún òtútù.

"Díẹ̀ ló ti rọ̀ lókè. Àwọn tó kù ṣì le." Ó mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún. "Màmá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O kò ṣẹ̀ mí. Wọ́n ṣẹ̀ ọ́ ni." Ohùn arúgbó náà le bíi ti ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bá yọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kó lọ máa ro oko ilé ìwé nígbà tí àwọn tó kù ń lọ sí kíláàsì kejì, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó ti kùnà nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ wọ aṣọ funfun, wọ́n ń wo aláìsàn. Ìwọ ń lé ẹ̀fọn kiri igbó Sakin. Mo ní bí iṣẹ́ yìí bá dàrú, wọn ò ní rí ohun tí wọ́n máa fi dá ọ dúró mọ́. Wọ́n á dá ọ padà."

"Mo ṣàlàyé fún yín! Mo ṣàlàyé fún yín bí ètò náà ṣe rí!"

"O ṣàlàyé. Mo rò pé o ń bo ìtìjú ni. Gbogbo ọmọ tó bá kùnà ló máa ń ní àlàyé."

"Ìwádìí yìí ni ọ̀nà tí mo fi ń padà, Màmá! Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ bá dá a dúró, ẹ ti dá mi dúró nìyẹn!"

Màmá Agnès kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ rárá.

Falilatou kò fẹ́ béèrè èyí tó kù, ṣùgbọ́n kò lè fi í sílẹ̀. "Màmá, ẹ kó àpótí Romaric kan mọ́ ọn. Kí ló dé?"

"Mo rò pé ti Chimène ni."

"Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú tàdáwà pupa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ní ìwé kíkà."

Chimène dákẹ́ ẹkún. Ó rọra gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyá rẹ̀, ó ju ìka. Màmá Agnès kò yíjú. Ó gbé ọwọ́ sí apá kejì, ó tún ju ìka. Kò yíjú.

"Láti ìgbà wo?" ni Chimène béèrè.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ṣú. Àárín náà ti ń ṣú báyìí. Mo fẹ́ rí ọ nínú aṣọ yẹn kó tó ṣú tán, Chimène. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. O ní ó kù ọdún mélòó kan, ojú mi ò sì ní ọdún mélòó kan mọ́."

"Inú ilé kan náà la wà, ẹ ò sọ fún mi!"

"O kì í sinmi. Tí o bá dé, ó ti rẹ̀ ọ́."

Falilatou yíjú sí òkè. Ó ń nu ojú rẹ̀, ó ń dá eruku lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni màá kọ, Màmá. Ẹ máa wá sí kọmisáríà, ẹ máa bá ọ̀gá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, ẹ sì máa lọ sí Boni lọ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọwọ́ kàn yín lónìí."

"Boni ni màá kọ́kọ́ lọ," ni Màmá Agnès wí.

"Ẹ ò ní lọ sí Boni lọ́la," ni Chimène wí. "Parakou lẹ ń lọ. Oníṣègùn ojú wà níbẹ̀. Èyí tó ti lọ nínú ìríran yín kò ní padà, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá èyí tó kù dúró, tá a bá yára. Èmi ni màá mú yín lọ, màá sì dúró tì yín títí ìtọ́jú á fi parí."

"Kútọnu ńkọ́? Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

Chimène ti fa fóònù yọ. Falilatou gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Romaric, èmi ni. A ti rí i, tìrẹ náà wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, wá kó o padà sí lábò kí yìnyín tó yọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ìwọ ni wàá gbé e lọ. Gbogbo rẹ̀. Ìwọ ni wàá dúró nídìí ẹ̀rọ fún mi." Ó tẹ́tí sí ìdáhùn rẹ̀. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé a jà. Mi ò ní ẹlòmíràn."

Ó pa fóònù, ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá Agnès.

"Ṣé màá rí ọ nínú aṣọ yẹn?" ni Màmá Agnès béèrè. "Sọ òótọ́ fún mi."

"Mi ò mọ̀, Màmá," ni Chimène wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tan iná fóònù, ó fi ọwọ́ tútù gbé àgbọ̀n ìyá rẹ̀ sókè. "Ẹ wojú mi. Ẹ má yíra. Ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa."